Ẹ̀gbà Ìsinmi

Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí Àlàájà Sínótù láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà báyìí ni ẹ̀gbà ọwọ́ mi la ẹnu.

"Eré ìdárayá," ó ní. "A yọ méjì. Ìsinmi yín ti di méjìdínláàádọ́rin."

"Kì í ṣe eré ìdárayá," mo fèsì láti orí pákó ọkọ̀ tí mo na ara sí. "Àgbà ni mò ń kí."

"Ẹ fi àyà kanlẹ̀, ẹ tún fi apá méjèèjì gbé ara yín dìde. Eré ìdárayá ni."

Àlàájà Sínótù ń ká ẹní ìkírun rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí òpó. Ara Ẹ̀pẹ́ ni, òun ló ń tu ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n fi mí sí, àwa méjèèjì péré la sì wà nínú rẹ̀, nítorí òfin ní ọkọ̀ kan, asinmi kan. Ó wò mí bí mo ṣe ń gbọn iyọ̀ òkun kúrò láyà, ó sì mi orí.

"Oyèníran, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ní kó o máa jókòó kí mi. Mo ti gbà á. Ọlọ́run náà ti gbà á."

"Mi ò lè jókòó kí yín, Màmá. Ìyá mi á gbọ́ ọ ní Ìbàdàn."

"Ìyá rẹ yẹn náà lo fẹ́ padà lọ bá. Ta ló máa jẹ́ kó o padà pẹ̀lú méjìdínláàádọ́rin?"

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje la gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sí Èbúté Ìtura. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wo ẹ̀gbà mi, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń retí lójú ẹ̀. Tí kì í bá ṣe ilé tí wọ́n ti kọ́ mi, ǹ bá ti sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kìíní mo gba korobá omi lọ́wọ́ Àlàájà, wọ́n yọ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì mo fọ abọ́ tí mo fi jẹun, wọ́n yọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, Àlàájà ń gun àkàbà lọ tún okùn ìgbòkun ṣe, mo sì di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún un láìronú. Márùn-ún ni ìyẹn kó lọ. Mo bi ẹ̀gbà náà bóyá ó rí i pé arúgbó ló wà lókè. Ó ní òfin kò kọ ọjọ́ orí ẹni tó wà lókè àkàbà sílẹ̀. Gbogbo erékùṣù tí a yà sí ló ní pátákó kan náà létí omi: Ẹ Má Kí Ẹnikẹ́ni Kú Iṣẹ́. Ẹ kú ìsinmi nìkan ni wọ́n fàyè gbà.

Mi ò lè bú àwọn tó ṣòfin náà tán, torí àwa olùtọ́jú la fọwọ́ ara wa fà á. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi gbé pátákó kiri ìgboro Ìbàdàn, tí à ń pariwo pé iṣẹ́ ni kéèyàn máa gbé ìyá rẹ̀ dìde, kó máa tẹ́ ẹ sùn, kó máa wẹ̀ ẹ́, kí ìjọba kà á mọ́ iṣẹ́. Wọ́n kà á mọ́ iṣẹ́. A jó láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. A ò ka ojú ewé kejì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lọ sinmi lórí òkun fún ọjọ́ méje, àti pé ẹni tí kò bá rí ìsinmi náà sinmi, àárẹ̀ ti jẹ ẹ́ kọjá àtúnṣe, wọn ò gbọdọ̀ fi aláìlera sí i lọ́wọ́ mọ́. Bí mi ò bá pé ọgọ́rùn-ún, Ilé Àgbà nìyá mi ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni màá máa rí i, láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀, láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan. Èmi náà ti lé ní àádọ́ta. Ó rẹ̀ mí o, mi ò purọ́. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sinmi mọ́, bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́wọ̀n ṣe ń gbàgbé pé òun lè ṣílẹ̀kùn.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n máa ń jẹ́ ká rí ilé, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Àlàájà yí ìgbòkun síhà ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀gbà tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ojú ìyá mi sì yọ lára aṣọ náà, ó tóbi bí ògiri. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí atẹ́gùn bá rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi á wọlé. Nígbà tó bá le, á yọ padà. Lẹ́yìn àga rẹ̀ ni Olùtọ́jú dúró sí, ẹ̀rọ gàgàrà tí ìjọba fi rọ́pò mi fún ọjọ́ méje, tí wọ́n fi aṣọ àdìrẹ wọ̀ kó má bàa dẹ́rù ba arúgbó.

"Ṣé ẹ ti jẹun, Màmá?"

"Mo ti jẹ. Ó po ẹ̀kọ fún mi, kò ṣù rárá."

"Tèmi ló máa ń ṣù, àbí?"

"Ṣé mo dárúkọ rẹ ni?"

"Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í tutù sí yín lára?"

"Ó máa ń jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó fọwọ́ kàn mí. Ó tún ń kì mí láràárọ̀. Lónìí, ó kì mí dé orí bàbá tó bí bàbá mi àgbà. Ìwọ, 'Àjọkẹ́' náà lò ń pè, lo bá dákẹ́."

Ẹ̀rọ náà tẹríba díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n yìn lójú àlejò. Kí ẹ̀rọ mọ oríkì ìyá mi jù mí lọ, kí ó sì tún mọ ẹ̀kọ pò jù mí lọ, ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

"Ìwọ ńkọ́?" ìyá mi bi mí. "Ṣé o ń sinmi níbẹ̀?"

"Mò ń sinmi dáadáa, Màmá."

"Irọ́," ẹ̀gbà ní. "A yọ ọ̀kan."

Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó fi apá kan ẹnu tó ṣẹ́kù fún un rẹ́rìn-ín. "Nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn mọ̀ ẹ́ dáadáa. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ọ̀la la máa gúnlẹ̀. Ọ̀tunla, màá ti délé."

"Tètè máa bọ̀ o." Ó rọ ohùn sílẹ̀, bíi pé ẹ̀rọ ò ní gbọ́. "Èyí kì í bá mi jà. Mo bú u lánàá, ó ní mo ṣeun. Ó ti sú mi."

Ìgbòkun ṣófo padà. Ẹ̀gbà ní ọkàn mi ń lù kìkì, ó sì yọ ọ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Àlàájà wọ̀ mí láṣọ omi. Ohun tí mo kórìíra jù nínú gbogbo ìsinmi náà nìyí. Bí mo bá tẹ̀ ba wọ bàtà omi fúnra mi, èyí tó gbòòrò bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, iṣẹ́ ni. Nítorí náà èmi á jókòó, àgbàlagbà obìnrin tó tó ìyá mi á sì kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ mi, á máa ti bàtà náà bọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń pa ojú dé títí á fi parí. Ó fi awò omi dí mi lójú, ó fi páìpù ìmí sí mi lẹ́nu, ó sì fi ẹsẹ̀ tì mí sínú òkun bí ẹni ti ẹrù.

"Má lúwẹ̀ẹ́ o!" ó kígbe. "Léfòó ni kó o léfòó. Bó o bá lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á yọ ọ́."

Mo dojú bolẹ̀ sínú omi, mo sì léfòó.

Oko iyùn, ohun abẹ̀mí tó ń hù lórí àpáta abẹ́ òkun, ni gbogbo ìsàlẹ̀ àyíká Erékùṣù Àgbọn tí a dúró sí. Iyùn àtijọ́ ti kú nígbà ayé àwọn bàbá wa, nígbà tí omi òkun gbóná. Èyí tí wọ́n gbìn nìyí, ìdí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Wọ́n ní ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń pa èyí tó bá ṣì kéré, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbòkun nìkan ló gbọdọ̀ wọ agbègbè náà. Ẹja onírin kéékèèké ń rìn láàárín wọn, wọ́n ń họ ìdọ̀tí kúrò. Ẹja gidi náà wà níbẹ̀, èyí tó ní ìlà dúdú àti ìyeyè, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde láàárín iyùn náà bí ọmọ ilé. Pupa wà, aró wà, àwọ̀ kan tún wà tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Òòrùn ń yọ́ lé wọn lórí. Mi ò gbọ́ ohun kankan àyàfi èémí ara mi nínú páìpù.

Fún ọjọ́ márùn-ún tí mo ti ń léfòó, orí mi kì í sí nínú omi. Ìbàdàn ló máa ń wà. Màá máa rò ó pé ṣé wọ́n ti yí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì máa bó, ta ló ń bá a wo ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹfà yìí, bí mo ṣe ń ronú bí ẹ̀kọ ṣe ń jóná ni mo rántí pé ẹ̀kọ ẹ̀rọ kì í jóná. Kì í ṣù. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó mọ oríkì dé orí bàbá bàbá bàbá. Bí Ilé Àgbà bá mú ìyá mi, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n á yàn fún un. Èmi á sì máa sùn láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Èmi á máa jẹun kí oúnjẹ tó tutù. Mo ronú kan ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì yẹra fún un: bí mo bá kùnà, màá bọ́.

Gbogbo ara mi rọ̀. Ejìká mi méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti há sí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ẹ̀gbà gbọ̀n lọ́wọ́ mi. "Ẹ kú ìsinmi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú omi. "A fi mẹ́sàn-án kún un."

Mo sunkún sínú awò omi. Ẹni tó bá ti sunkún sínú awò omi rí á mọ̀ pé kò ní ibi tí omi náà máa gbà lọ. Ojú ti mí. Àmọ́ èmi náà fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún, nítorí náà mo padà sídìí èrò náà lẹ́ẹ̀kejì, mo sì tún padà lẹ́ẹ̀kẹta, bí olè tó ti rí ibi tí wọ́n ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Bí mo ṣe ń ronú láti já ìyá mi jù sílẹ̀ ni ẹ̀gbà ń fi ìsinmi kún un, kí wọ́n lè jẹ́ kí n padà lọ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Àlàájà fà mí sókè lọ́sàn-án, mo ti di méjìdínláàádọ́rùn-ún.

"Alihamudulilai!" ó pariwo. "Kí lo rí nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹja," mo ní.

"Irọ́," ẹ̀gbà ní. "A yọ ọ̀kan."

Nígbà tí òòrùn ń wọ̀, Àlàájà fi omi gbígbóná te ẹ̀bà fún wa, ó sì já àpò ọbẹ̀ méjì. Ọmọ apẹja ni. Òfin ò gbà kó mú ẹja kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tó ń kọjá nísàlẹ̀ wa, ẹja inú àpò ló ń jẹ. A dá ọkọ̀ ró sí ìyawọ́ omi kékeré kan, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ lẹ́yìn erékùṣù. A ń jẹun lọ kí n tó ṣàkíyèsí ohun tí mi ò tíì rí kí àgbà ṣe rí, pàápàá àgbà tó ń kírun.

"Màmá, ọwọ́ òsì lẹ fi ń jẹun."

Ó wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. "Ọlọ́run á foríjì mí."

"Kí ló ṣe ọ̀tún?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Jẹ oúnjẹ rẹ."

Mi ò jẹun. Ó rí i pé mi ò ní jẹ ẹ́, ló bá fa ọrùn bùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ejìká náà wú, ó sì ti dúdú dé ìdí ọrùn.

"Ẹ̀rọ tó ń fa ìdákọ̀ró ti kú láti ọjọ́ kẹta," ó ní. "Nígbà tó o bá wà nínú omi ni mo máa ń fọwọ́ fà á, kó o má bàa rí mi. Mo mọ irú ẹni tó o jẹ́. Ẹni tó di àkàbà mú."

"Ẹ pe èbúté kí wọ́n wá tún un ṣe!"

"Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á gbé ọkọ̀ yìí kúrò lórí omi lóníìí. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ò parí ìsinmi rẹ. Ìyá rẹ ń lọ nìyẹn." Ó fi òkèlè kan sẹ́nu, ó gbé e mì. "Wọ́n á sì wo ejìká mi. Wọ́n á bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí gan-an."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin ló wà nínú ìwé." Ó yí ojú sí mi. "Mẹ́tàléláàádọ́rin ló wà nínú egungun."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí èèyàn bá ti pé àádọ́rin, Ìsinmi Ìkẹyìn ló kù. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀," Àlàájà ní. "Wọ́n ń gbé e jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí òkun. Obìnrin tó ń dá àwọ̀n fà! Wọ́n á bi í pé ṣé òkun náà wù ú wò. Á ní ó wu òun. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí sinmi. Ọkọ̀ kan náà ni Ọlọ́run kó wa sí. Jẹ oúnjẹ rẹ, ó ti ń tutù."

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, mo jókòó kí i. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," láti orí ìdí mi, bí ọba. Ó dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀gbà ò yọ ohunkóhun, ó tiẹ̀ fi ọ̀kan kún un. Oorun alẹ́ náà ti fi díẹ̀ kún un, mo sì wà ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Aago mọ́kànlá ni atẹ́gùn dé. Bí a ò bá bá a lọ, a ò ní dé Èbúté Ìtura ní aago mẹ́rin. Àlàájà so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó bọ́ sí iwájú ọkọ̀, ó di okùn ìdákọ̀ró mú. Ó fà á. Okùn náà le gbandi, kò sì wá. Ìdákọ̀ró ti há sábẹ́ àpáta.

Ó tún fà á, ó sì ké, kò mọ̀ pé òun ké.

Mo ti dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Jókòó," ó ní láìwẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwa méjèèjì ló máa fà á, á sì gbéra."

"Mélòó ni wọ́n máa yọ?"

Mo bi ẹ̀gbà. "Fífa ìdákọ̀ró," ó ní, "ogún."

"O gbọ́ ọ. Jókòó."

"Mi ò lè jókòó kí n máa wò yín!"

Ó wẹ̀yìn wò mí nígbà náà. Àárẹ̀ wà lójú rẹ̀, irú èyí tí mo máa ń rí nínú dígí. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn atukọ̀ sí asinmi. Ohùn ìyá ni.

"Oyèníran, ṣé o gbà pé mo lè bí ẹ?"

"Ẹ lè bí mi, Màmá."

"Mo ní kó o jókòó. Ọmọ kì í kọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Kọ ẹ̀yìn sí mi, kó o wo òkun tí wọ́n ní kó o wá wò. Bó o bá fọwọ́ kan okùn yìí, ejìká mi ti bàjẹ́ lásán, ìyá rẹ náà ti lọ lásán. Mi ò ní dárí rẹ̀ jì ọ́."

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá ràn án lọ́wọ́, mo ṣàìgbọràn sí àgbà. Bí mo bá gbọ́ràn, mo jókòó tí àgbà ń jìyà. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi ní ọ̀nà kẹta. Mo jókòó. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo sì gbójú sí omi. Mò ń gbọ́ okùn náà bó ṣe ń dún lára pákó. Mò ń gbọ́ ọ, "Bísímílláì," á fà á, á dákẹ́, á mí. "Bísímílláì." Mò ń kà á. Mo ka mẹ́fà. Mo ka méje. Ara mi gbóná fún ìtìjú, òòrùn sì ń pa mí lórí, ọkọ̀ ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Mo rántí pé mo ka mẹ́sàn-án.

Lẹ́yìn ìyẹn, oorun gbé mi lọ.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí. Àmọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó lé ní àádọ́rin ọdún ń fi ejìká tó ti wú fa irin lẹ́yìn mi, èmi sì sùn, oorun tí mi ò tíì sùn irú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, oorun tí kò lálàá. Ìgbà tí mo lajú, igi àgbọn Èbúté Ìtura ti ń bọ̀ níwájú, itọ́ ti gbẹ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbà ọwọ́ mi sì ti di àwọ̀ ewé. Ọgọ́rùn-ún géérégé.

Àlàájà wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ó ti fi ìborùn so apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà lábẹ́ híjáàbù.

"O hanrun," ó ní.

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló dúró dè wá ní èbúté, olùyẹ̀wò ni. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájà dáadáa, ó sì tún kúnlẹ̀ kí èmi náà. Ó wo ẹ̀gbà mi, inú rẹ̀ dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìdákọ̀ró, ó sì dúró.

"Màmá, ẹ̀rọ yín ò tíì bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kẹta."

"Iyọ̀ ló dí i lẹ́nu, ọmọ mi. Ó ń ṣiṣẹ́, kò kàn sọ̀rọ̀ ni."

"Kì í ṣe pé ẹ fọwọ́ fà á o?"

"Èmi? Pẹ̀lú ara arúgbó yìí?" Àlàájà rẹ́rìn-ín. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò mì lábẹ́ aṣọ.

Ọmọbìnrin náà wo aṣọ náà pẹ́. Òmùgọ̀ kọ́. Ẹ̀gbà kò sí lọ́wọ́ atukọ̀, kò sí ohun tó lè sọ bóyá òótọ́ ni Àlàájà ń sọ. Ọwọ́ tèmi ló wà. Ó yíjú sí mi, ó sì fi ìka méjì lé ẹ̀gbà mi jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí ìdákọ̀ró gbéra lónìí, kí lẹ rí?"

Bí mo bá ní ẹ̀rọ ló fà á, ẹ̀gbà á ní irọ́ ni, màá sì bọ́ sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lójú rẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ní Àlàájà ló fà á, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo wo Àlàájà. Ó ń wo òkun, ó ti fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

"Mi ò rí ohunkóhun," mo ní. "Mò ń sùn."

Ẹ̀gbà dákẹ́.

"Ẹ̀ ń sùn?"

"Mo sùn kí ìdákọ̀ró tó gbéra. Etí èbúté níbí ni mo jí sí."

Àwọ̀ ewé náà dúró digbí. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó tún wo Àlàájà tó dúró gọn-ọn pẹ̀lú apá kan.

"Láti ìyawọ́ Erékùṣù Àgbọn dé ibí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "Màmá ń tu ọkọ̀, ẹ̀yin sùn?"

"Mo sùn. Mo tiẹ̀ hanrun."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dunnú sí irú èyí. Ó gbìyànjú. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí kò rí i, pé kí wọ́n fi òróró sí ẹ̀rọ náà. Ó já ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ mi. Àlàájà fi ojú ṣe mí bí ẹni tó ń lé ọmọ lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ dágbére fún un, eékún rẹ̀ méjèèjì kan pákó. Nígbà tó kàn mí, kò kúnlẹ̀. Ó dúró ṣanṣan, ó sì na ìwé ìsinmi mi sí mi láìwo ojú mi, bí wọ́n ṣe ń na nǹkan sí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.